Ọkùnrin Tó Ń Fa Eku Nírù

Ọkùnrin kan wà tí ó ti lé lógójì ọdún kí ó tó wọ yunifásítì. Ẹ̀kọ́ nípa bí ọpọlọ àti ara ṣe ń darí ìwà ẹ̀dá ni ó lọ kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀yà ọpọlọ tí kò lè dárúkọ. Àwọn ọmọdé tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń tẹ̀lé e kiri kí ó lè ṣàlàyé fún wọn. Ó dùn mọ́ ọn. Kí ni kò ní dùn mọ́ ọn?

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan, Ìbíwùmí, tí kò lè kàwé. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá á pè é wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, á gbé bẹ́líìtì lé orí tábìlì náà, á ní, "Ó yá, kà á." Ẹnu ọmọ á di, á dúró bí òpó. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí a fi tòsì fà á mọ́ra. Tòsì bàbá yìí kò ráyè o, ìwé ló fi dì mú. Nígbà tí ó sú u, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé olódo ni ọmọ náà, pé bí sáà ìwé bá ti parí, kí ó máa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ. Ìyá sunkún títí, bàbá kò yí ohùn padà.

Ní ọdún tí yóò jáde, olùkọ́ wọn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní eku funfun kan, pé kí wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe rí oúnjẹ nínú àpótí tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ eku ní nǹkan kan, kí wọ́n kàn máa gbé e lé ẹsẹ̀, kí ó mọ òórùn wọn. Ọkùnrin wa rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà bíi tòun, kí ó wá máa gbé eku jó bí ọmọ? Kò lọ.

Nígbà tí ìdánwò dé, eku àwọn ọmọdé ń sáré tọ oúnjẹ lọ. Tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ igun àpótí, ó tọ̀ sára, kò mira. Ọkùnrin náà bínú. Ó ní ọpọlọ eku yìí kò pé, kí olùkọ́ fún òun ní òmíràn.

Olùkọ́, obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń gbé e."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sínú àpótí, ó fa eku nírù.

Olùkọ́ ní, "Háà! Báwo ni yóò ṣe kẹ́kọ̀ọ́? Ẹ̀rù ti gba gbogbo ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ èyí, ẹ̀yin lẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù."

Ó gba eku náà, ó rọra gbé e sí ọkùnrin náà látẹ́lẹwọ́. Àyà eku ń lù kìkì lábẹ́ ìka rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti rántí Ìbíwùmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ tó dúró sójú kan.

Ó délé, ó pe ọmọ. Ọmọ gbé ìwé wá, ó ń gbọ̀n. Bàbá ní kí ó gbé ìwé padà, kí ó wá jókòó ti òun. Ọmọ fi ìdí lé etí àga, ojú rẹ̀ kò kúrò lára bẹ́líìtì. Bàbá mú bẹ́líìtì, ó fi di ṣòkòtò rẹ̀, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ó pẹ́ kí ọmọ tó sún mọ́ ọn. Ní gbogbo ìgbà náà wọn kò kàwé kankan, ẹ̀pà ni wọ́n jọ ń bó jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ìbíwùmí na ìka sí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ẹ̀pà, ó rọra ka ọ̀rọ̀ kan jáde. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Omi lé ròrò lójú bàbá. Ọ̀rọ̀ aránṣọ parí síbẹ̀.

Ìwọ tí o wá bá mi láàárọ̀ yìí, tí o ní olódo ni ọmọ rẹ, mo gbọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: o mọ òwe yìí, bí ọkùnrin ọ̀hún ṣe mọ ọpọlọ. Má tíì sọ ti orí ọmọ fún mi. Kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ, kí o sọ ohun tó wà níbẹ̀.