Àwọn Ọdẹ Tí Kò Dáhùn ní Bodè Ìgbáyè

Ajíbówú ni olórí aṣọ́bodè ní ìlú Ìgbáyè láyé ọjọ́un. Kùmọ̀ ni ohun ìjà rẹ̀, kùmọ̀ náà sì ni gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gbé kiri. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n la ìjà, kí wọ́n mú olè adìyẹ, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn bodè bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ. Kò sí ẹni tó ń wọ ìlú tí Ajíbówú kò mọ ilé tó ń lọ. Bí o bá gbé ẹrù kọjá níwájú rẹ̀, yóò bi ọ́ léèrè ìyá rẹ, yóò bi ọ́ léèrè ewúrẹ́ rẹ tó ń ṣàìsàn, kí o sì tó dáhùn tán, ó ti mọ̀ bóyá irọ́ lò ń pa.

Nígbà tó yá ni àwọn agbésùnmọ̀mí dé. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe irú ogun tí í yọ lókè, tí eruku rẹ̀ í ṣáájú rẹ̀. Wọn kò fẹ́ ilẹ̀, wọn kò fẹ́ ẹrú, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni wá san ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju kí ẹ̀rù máa ba ọmọ ènìyàn lọ. Wọ́n á múra bí ọlọ́jà, wọ́n á jókòó sáàárín èrò, wọ́n á ra ẹ̀kọ jẹ, wọ́n á bá ọ ṣeré. Bí ọjà bá kún tán, wọ́n á fa idà yọ lábẹ́ aṣọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ìgbáyè, kùmọ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe. Àwọn aṣọ́bodè tó sáré wọ ọjà, òkú wọn ni wọ́n gbé jáde. Ajíbówú pàápàá, òótọ́ ọ̀rọ̀ kò ṣeé fi èékánná bò, abẹ́ àtẹ oníyọ̀ ló wọ̀. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn apànìyàn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, kò kánjú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti ra ata. Ọdẹ àgbà kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́jídé, tó gbé ẹran gbígbẹ wá tà, òun nìkan ló kojú wọn. Ó pa méjì nínú wọn kí wọ́n tó pa á.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìlú ò jẹ́ ìlú mọ́. Ìdérí ìkòkò já bọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan, gbogbo ọjà sá, wọ́n tẹ ọmọ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin ò lè kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn jẹun. Bí àlejò bá ní kí wọ́n bun òun lómi mu, wọ́n á gbé e fún un, wọ́n á sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ kejì.

Onígbáyè, ọba ìlú, pe ìpàdé. Ajíbówú wólẹ̀, ó ní kí ọba ránṣẹ́ sí olú-ìlú kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí àwọn. Ẹ̀ṣọ́ ni àṣàyàn jagunjagun. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ogun, wọn kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ìyálọ́jà ló kọ́kọ́ ta kò ó.

Ó ní, "Kábíyèsí, ajá tí wọ́n fi ń dẹ ìgbẹ́ lẹ fẹ́ fi ṣọ́ agbo adìyẹ yìí o. Ẹni tó jẹ́ pé pípa ló mọ̀, ta ni yóò kọ́ ọ ní mímú?"

Ajíbówú dá a lóhùn pé, "Ìyá wa, ẹ̀yin náà rí kùmọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bi ẹni tó gbé omi wá léèrè orúkọ bàbá rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ó yẹ kó fi ilé tó ń jó hàn án, kó má lọ da omi sórí ọmọ tó ń sùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu wọn. Ọba gba ọ̀rọ̀ Ajíbówú. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé lásìkò ọyẹ́. Wọn ò pariwo, wọn ò kọrin. Ọrun wà ní èjìká wọn, ẹ̀wù awọ wà lọ́rùn wọn, ojú wọn pọ́n fún oorun tí wọn kò sùn. Ọkàn ìlú balẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ògúndípẹ̀ lorúkọ olórí wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó bá Ajíbówú lẹ́nu bodè.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kó àwọn ènìyàn yín lọ sílé báyìí. Bí kùmọ̀ àti ọfà bá dà pọ̀, ara wa la máa ṣe léṣe."

"Ṣé kí n fi ẹnì kan sílẹ̀ tì yín, Olórí Ẹ̀ṣọ́? Ẹni tí yóò máa sọ fún yín pé ọmọ lágbájá nìyí, àna tàmẹ̀dò nìyẹn?"

"Tiwa ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó bi ẹni tó bá ń bọ̀ pé ta ni. Ẹni tó bá dáhùn dáadáa, kó wọlé. Ẹni tí kò bá dáhùn, ọfà ni yóò bá a sọ̀rọ̀."

Ó yẹ kí Ajíbówú dúró. Ó yẹ kó bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọ abẹ́ àtẹ oníyọ̀ kò tíì fojú ba oorun, ara rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ sílé. Ó gbé kùmọ̀ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní bodè. Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì lálàá.

Ohun kan wà tí àwọn Ìgbáyè máa ń ṣe tí kò sí níbòmíràn. Bí ọdẹ bá kú sínú igbó, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá kú sáàárín ìlú, wọ́n gbà pé ẹ̀mí rẹ̀ ti sá padà sínú igbó, pé ibẹ̀ ni yóò máa rìn kiri bí kò bá rí ẹni mú un wálé. Nítorí náà, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ sínú igbó, wọ́n á gbẹ́ igi bí ènìyàn, wọ́n á wọ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ fún un, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ á sì gbé e síwájú àyà. Wọ́n á fi eérú kun ojú. Bí wọ́n bá ti kọjú sílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò gbọdọ̀ dáhùn ìkíni, wọn kò gbọdọ̀ ké bí ẹ̀gún tilẹ̀ gún wọn. Ará ìlú náà á kọ̀yìn sí ọ̀nà, wọn kò ní wò wọ́n. Àfi ìgbà tí olórí aṣọ́bodè bá da omi sílẹ̀ lẹ́nu bodè, tí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé omi náà kọjá, ni ẹnu wọn tó là.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni, ọjọ́ ọjà. Ajíbówú jókòó síta, ó ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀, Àṣàbí, tó yí àpótí ìjókòó rẹ̀ padà, tó kọ̀yìn sí títì.

"Kí ló dé tí o jókòó báyẹn?"

"Bàbá Ọdẹ́yalé, ẹ̀rù yìí ti gbé iyè yín lọ. Òní kọ́ ni wọ́n ń sin Ọdẹ́jídé wálé? Ọmọ yín ló gbé e, wọ́n ti wọ igbó kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dé. Mo rò pé ẹ fẹ́ jẹun tán kí ẹ tó lọ da omi."

Ajíbówú ju àkàrà sílẹ̀. Ọdẹ́yalé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un, lọ́dọ̀ Ọdẹ́jídé ló ti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ.

Ó ní, "Àṣàbí, ta ló sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́?"

"Èmi tí mò ń dáná? Ta ni olórí aṣọ́bodè nínú èmi àti ẹ̀yin?"

Kò dúró wọ bàtà. Ó gba ọ̀nà ọjà nítorí ibẹ̀ ló yá jù. Ọjà kún, ṣùgbọ́n ó pa rọ́rọ́. Gbogbo èrò ti kọ̀yìn sí ọ̀nà bodè gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìyá ń fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ojú Ajíbówú ti bá àwọn ọkùnrin kan tó jókòó ti ẹní tí wọ́n ká jọ gègèrè. Ojú wọn kọ sí ọ̀nà. Wọ́n ń wo gbogbo ẹ̀yìn tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn yẹn, wọ́n sì ń wojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín sí Ajíbówú, ó kí i pé ó kú òwúrọ̀.

Ajíbówú mọ̀ pé ọmọ Ìgbáyè kì í wo ọ̀nà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé idà ló wà nínú ẹní wọn. Bí ó bá pariwo, wọn á dìde, ọjà tó kọ̀yìn yìí kò sì ní rí ohun tó ń pa á. Bí ó bá dúró, ọmọ rẹ̀ á dé ẹnu bodè. Abẹ́ àtẹ ló fẹ́ tún wọ̀. Ó dá ẹni náà lóhùn pé ìwọ náà kú òwúrọ̀, ó bi í bóyá ẹní rẹ̀ le, ó sì ń rìn lọ, ó ń rìn bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ, títí ó fi kọjá àtẹ tó kẹ́yìn. Ìgbà náà ló wá sáré, ó sáré débi pé aṣọ ìbora rẹ̀ bọ́, kò padà mú un.

Kùrukùru ọyẹ́ bo ẹnu bodè. Ó gbọ́ ohùn Ògúndípẹ̀ kí ó tó rí i.

"Ta nìyẹn?"

Kò sí ìdáhùn. Nínú kùrukùru, àwọn ènìyàn kan ń bọ̀, ojú wọn funfun fún eérú, wọn ò yára, wọn ò dúró.

"Ta nìyẹn?"

Ajíbówú fẹ́ ké, èémí kò jẹ́. Ó gbọ́ ìkẹta. Ó sì gbọ́ ohùn ọrun.

Ọfà kan wọ àyà ẹni tó ṣáájú. Kò ṣubú. Kò ké. Ó ṣáà ń bọ̀, ọfà ń mì láyà rẹ̀. Òmíràn wọ inú kùrukùru lọ, kò sẹ́ni tó kérora níbẹ̀ náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Òkú ni wọ́n." Ògúndípẹ̀ ní kí wọ́n fi òmíràn sí i.

Ajíbówú bọ́ sáàárín. Ó kọ̀yìn sí ọrun gbogbo, ó kojú sí àwọn tó ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀," ni Ògúndípẹ̀ wí.

Ajíbówú kò yẹsẹ̀. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò omi tí opó Ọdẹ́jídé ti gbé sí ìdí ògiri láti àárọ̀, ó dà á sílẹ̀ lẹ́nu bodè. Ẹni tó ṣáájú gbẹ́sẹ̀ lé omi náà kọjá. Ó sọ ère igi tó gbé sáyà kalẹ̀, ọfà ṣì wà lára igi náà.

Ó ní, "Bàbá mi, èmi ni."

Ọdẹ́yalé ni. Ajíbówú dì í mú. Àwọn ọdẹ yòókù ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tú èémí sílẹ̀. Àkànó, ọdẹ àgbà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọdẹ́jídé, ló kẹ́yìn. Ó gbẹ́sẹ̀ lé omi, ó ní, "Ẹ wò mí o," ó sì ṣubú. Ọfà kejì wà ní ìhà rẹ̀. Ó ti rìn ín dé bodè láì kérora, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wọlé.

Ògúndípẹ̀ ju ọrun sílẹ̀. Ajíbówú fà á mọ́ra.

Ó ní, "Ẹ má sunkún báyìí. Àwọn tí ẹ wá torí wọn wà lọ́jà. Wọ́n jókòó ti ẹní."

"Àwọn oníẹní?" Ojú olórí ẹ̀ṣọ́ náà là. "Bàbá, wọ́n kí wa. Àwọn nìkan ló kí wa dáadáa láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ọmọ mi."

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn ènìyàn mi. Aṣọ́bodè kan, ẹ̀ṣọ́ kan. Ẹni tí kùmọ̀ bá tọ́ka sí, òun ni kí ẹ mú. Ẹni tí kùmọ̀ kò bá tọ́ka sí, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ ọjà, ní méjì-méjì, láì sáré. Ẹ̀rù ṣì ń ba Ajíbówú, ṣùgbọ́n òun ló ṣáájú. Kùmọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan èjìká ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i. Kùmọ̀ kò lè borí idà, ọfà kò sì lè mọ ẹni, àmọ́ lọ́jọ́ náà àwọn méjèèjì rìn pọ̀. Àwọn tó fa idà yọ kú lórí ẹní wọn, wọ́n de àwọn yòókù. Aṣọ́bodè kan kú, ẹ̀ṣọ́ méjì fara pa. Nígbà tí èrò ọjà máa fi yíjú padà, ó ti parí.

Ògúndípẹ̀ padà sí ẹnu bodè, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú òkú Àkànó, àyà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ omi náà.

Ó ní, "A ní ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni kó wọlé, ẹni tó bá dákẹ́ kó kú. Ikú ló sọ̀rọ̀, àwa la sì ṣílẹ̀kùn fún un."

Ìyálọ́jà dúró lórí rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò bú u.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ojú rẹ ò fọ́. O ò kàn mọ̀ wá ni. Àwa tá a mọ ara wa, a sì lọ sùn."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò kúrò ní Ìgbáyè títí ìbẹ̀rù náà fi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ọrun kan tó dúró ní bodè láìsí kùmọ̀ onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú Àkànó ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, tó fi di ohun tí àwọn àgbà ń fi í kìlọ̀ fún wa dòní pé: àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.