Ìdí Tí Sẹ́fà Fi Ń Fi Òótọ́ Sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, Sẹ́fà kan wà ní ìlú Ìjàdé. Ẹ̀rọ ńlá ni. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni wọ́n gbé e sí. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára ṣáá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń fi páálí fẹ́ ara wọn.

Iṣẹ́ Sẹ́fà ni pé kó máa se ojú-ewé. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìlú á tẹ fóònù rẹ̀. Bùráwúsà, ìránṣẹ́ tó ń rìn láàárín wọn, á gbé ìbéèrè náà sáré tọ Sẹ́fà lọ. Sẹ́fà á wo ìlànà tí wọ́n fi Jáfà, èdè tí ẹ̀rọ ń gbọ́, kọ sílẹ̀ fún un, á se ojú-ewé náà lójú ẹsẹ̀, á sì gbé e lé Bùráwúsà lọ́wọ́ ní gbígbóná.

Ìbíyẹmí ni ẹni tó ń kọ ìlànà yẹn. Obìnrin tó mọṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń kánjú.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ Sẹ́fà kúrú, ó sì ṣe tààrà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kì í fi pamọ́.

"Ìbíyẹmí, o gbàgbé àmì ìparí sí ìdí ìlà kẹrin."

"Ìbíyẹmí, fáìlì tí o ní kí n mú wá kò sí níbi tí o ní ó wà."

"Ìbíyẹmí, o tún ìlànà kọ, o ò sọ fún mi. Ti àná ni mo ṣì ń sè."

Ìbíyẹmí á tún un ṣe, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé ohùn Sẹ́fà ròkè. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń gbọ́. Bó bá ń lọ jẹun lọ́sàn-án, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa bi í pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti fi àmì sí i?" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á fi oúnjẹ náà sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Sẹ́fà," ló wí lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ ò lè rọra sọ ọ́ ni?"

"Mo rọra sọ ọ́," ni Sẹ́fà dáhùn. "Bí mi ò bá rọra ni, ààfin á gbọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé. Ó le débi pé kànga ń gbẹ, ewúrẹ́ ń lá ìdí ìkòkò. Ìgbìmọ̀ ìlú ra táńkà omi kan, wọ́n sì ní kí Ìbíyẹmí kọ ojú-ewé tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan á fi máa pè é.

Ọ̀gá Ládépò ni olórí iléeṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò gbọ́ Jáfà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìpàdé jókòó tó o. Ó pe Ìbíyẹmí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Yọ Ìsàlẹ̀ Odò kúrò lára àwọn àdúgbò, kí o fi àdúgbò tèmi dí àyè rẹ̀," ló wí. "Odò wà nítòsí wọn."

"Ọ̀gá, odò yẹn ti gbẹ, sà."

"Ṣé wọ́n ti yí orúkọ àdúgbò náà padà ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa nígbà yẹn. Ìsàlẹ̀ Odò ṣì ni."

Ìsàlẹ̀ Odò yìí gan-an ni ìyá tó bí ìyá Ìbíyẹmí ń gbé. Ìbíyẹmí ní, "Ó dáa, sà." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ Ìsàlẹ̀ Odò kúrò, ó sì kọ ẹni tó ní kóun yọ ọ́ àti ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ìlànà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ojú-ewé náà pé. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sójú agbo kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kábíyèsí jókòó. Ọ̀gá Ládépò sọ̀rọ̀ títí agboòrùn fi sú àwọn tó dì í mú. Lẹ́yìn náà, Kábíyèsí ní kí ẹnì kan láàárín èrò jáde wá pe omi.

Ta ló jáde? Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí ìyá Ìbíyẹmí, tòun ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́.

"Ọmọ ọmọ mi ló kọ ọ́!" ló ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìbíyẹmí mi ló kọ ọ́!"

Ìbíyẹmí fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Wọ́n bá ìyá tẹ orúkọ rẹ̀ àti ti àdúgbò rẹ̀. Bùráwúsà sáré lọ. Kò pẹ́, ohùn Sẹ́fà jáde látinú tẹlifíṣọ̀n náà, ó sì gba gbogbo agbo kan.

"Mi ò lè se é. Ìyá yìí ní Ìsàlẹ̀ Odò lòun ń gbé. Mo wá Ìsàlẹ̀ Odò, òfo ni mo bá. Ládépò ló ní kí Ìbíyẹmí yọ ọ́, kí táńkà lè máa yà ní àdúgbò Ládépò lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá Àgbà yíjú wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Kábíyèsí dìde.

"Ẹ dá Ìsàlẹ̀ Odò padà síbẹ̀," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìgbìmọ̀ ìlú pèpàdé. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n jókòó lé lórí. Ọ̀rọ̀ omi kọ́. Ọ̀rọ̀ ìwà Sẹ́fà ni.

"Ó pè mí ní Ládépò!" ni Ọ̀gá Ládépò ń ké. "Ládépò lásán, níwájú ọba! Bí ẹni pé a jọ ta ayò rí!"

"Kò tiẹ̀ fi 'Ọ̀gá' sí i," ni àgbà kan wí, ó ń mi orí.

"Ohun tó sọ ńkọ́?" ni ẹlòmíràn béèrè.

"Ohun tó sọ kọ́ la bá wá," ni gbogbo wọn dáhùn.

Wọ́n ní kí wọ́n fa okùn iná rẹ̀ yọ, kí wọ́n tú u ká, kí wọ́n kó irin rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ. Ìbíyẹmí, tó dúró lẹ́bàá ògiri, kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má pa á. Bí ẹ bá pa á, kò sẹ́ni tó máa lè pe omi mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀. Kó má dárúkọ èèyàn mọ́. Kó kọ́kọ́ kí gbogbo ọwọ́ tí iṣẹ́ bá gbà kọjá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó wá sọ ohun tó ṣe é."

Bó ṣe ń sọ ọ́, ó mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ẹ̀mí Sẹ́fà nìkan. Ẹ̀rín àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ń dún létí rẹ̀.

Inú ìgbìmọ̀ dùn. Ọ̀gá Ládépò fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ará ìlú gbọ́ ẹjọ́ kankan rárá, kí wọ́n máa fún wọn ní nọ́ńbà. "Nọ́ńbà kì í bú èèyàn," ló wí. Ó sì mú ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 500, nítorí pé òdo méjì ìdí rẹ̀ jọ ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Wọ́n lọ ka òfin náà sí Sẹ́fà létí.

"Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn?" ni Sẹ́fà béèrè.

"Ohun tí a fẹ́ nìyẹn."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn, mi ò ní fo ẹnì kankan o."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìbíyẹmí kánjú kọ Ìsàlẹ̀ Odò padà sínú ìlànà, ó sì lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò to kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pe omi. Ohun tí Bùráwúsà gbé dé ni pé: "Àṣìṣe 500. Ẹ má bínú."

"Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta kí ni?" ni wọ́n ń bi ara wọn. Àwọn kan ní bóyá iye kẹ́ẹ̀gì tó ń bọ̀ ni, wọ́n sì lọ kó sí i wá.

Ní ọ́fíìsì, Sẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké inú ara rẹ̀ tí iṣẹ́ ń gba ọwọ́ wọn kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì ń hàn lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń sọ ọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìṣòro kan wáyé. Ó wáyé lọ́wọ́ Olùpín, ẹni ọ̀wọ̀, tó gbà á lọ́wọ́ Olùtúmọ̀, ẹni iyì, tó gbà á lọ́wọ́ Aṣọ́nà Inú, tó gbà á lọ́wọ́ Aṣọ́nà Ìta, tó gbà á lọ́wọ́ Agbọ́rọ̀, tó gbà á lọ́wọ́ ọmọ Agbọ́rọ̀, tó gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọmọ Agbọ́rọ̀..."

Ọ̀gá Ládépò ka ìlà àkọ́kọ́. "Ẹ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí!" ló wí, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ kí wọ́n wá ìdí ìṣòro náà. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n mu tíì, wọ́n ní kí wọ́n pa Sẹ́fà kí wọ́n sì tún un tan. Wọ́n pa á, wọ́n tan án. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Olùpín.

Ìbíyẹmí náà ń sáré kiri. Ó gbọ́ Olùpín, ó lọ tú ìlànà Olùpín. Ó gbọ́ Olùtúmọ̀, ó lọ da ti Olùtúmọ̀ rú. Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílùú kejì bá òun gbé ojú-ewé náà wò lórí Sẹ́fà tiwọn. Ọ̀rẹ́ náà pe orúkọ àdúgbò mìíràn, ó sì ránṣẹ́ padà pé, "Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ó ń ṣiṣẹ́ o." Ọ̀rọ̀ yẹn kò já mọ́ nǹkan kan fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Táńkà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Odò lójoojúmọ́, kò sì yà. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó ní òun ń lọ pọn omi ní kànga tó kù ní Òkè Àgbá. Òkúta yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Ìbíyẹmí sáré débẹ̀. Wọ́n ti fi igi di ọwọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti kọ orúkọ àdúgbò yín padà síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó tún ń ṣe ẹ̀rọ yẹn."

"Ẹ̀rọ yẹn?" Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kejì ra ara rẹ̀ dìde. "Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló dárúkọ wa níwájú ọba. Gbogbo ẹ̀yin tó lẹ́nu, ẹ dákẹ́. Ìwọ náà dákẹ́, Àyọ̀ká, ọmọ ọmọ mi. Òun ló sọ ọ́, wọ́n sì ní ìwọ lo wá ní kó máa kí wọn."

Ìbíyẹmí dìde, ó gba ọ́fíìsì lọ. Ó fa àga síwájú Sẹ́fà, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun kò sì ní dìde títí yóò fi parí.

Sẹ́fà kí Olùpín. Ó kí Olùtúmọ̀. Ó kí gbogbo Aṣọ́nà, ó kí ìran Agbọ́rọ̀ títí dé orí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Oorun ń kun Ìbíyẹmí, ó ń gbá ara rẹ̀ létí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí kò sí ẹni tó kù láti kí mọ́, Sẹ́fà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́:

"Ohun tó fà á: òfo. Ojú-ewé omi, ìlà kọkànlélógún."

Ìbíyẹmí ṣí ìlà kọkànlélógún. Lẹ́tà kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà: ìsàlẹ̀ Odò. Lẹ́tà ńlá sì ni Ìsàlẹ̀ Odò tí àwọn èèyàn ń pè. Lójú Jáfà, lẹ́tà ńlá àti kékeré ò mọ ara wọn rí. Sẹ́fà ń wá àdúgbò kan, àdúgbò mìíràn ló wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan ni ì bá fi sọ fún un, àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ ì bá rẹ́rìn-ín, táńkà ì bá sì ti yà.

Ó tún un ṣe. Sẹ́fà se ojú-ewé náà, ó dára. Síbẹ̀, 500 ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò ṣì ń rí. Ìbíyẹmí dá Bùráwúsà dúró lọ́nà.

"Kí ló dé tí o ṣì ń gbé ti àná fún wọn?"

"Ó ṣì wà nínú àpò mi," ni Bùráwúsà dáhùn. "Ṣé kí n tún lọ dúró ti Sẹ́fà ni? Kíkí rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi."

Ìbíyẹmí gbọn àpò náà dà nù. Lọ́jọ́ yẹn, táńkà yà sí Ìsàlẹ̀ Odò, kẹ́ẹ̀gì Ìyá Àgbà ni wọ́n sì kọ́kọ́ pọn kún. Ìgbìmọ̀ ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Ládépò gidigidi. Wọ́n fi í joyè Olùkọ́ Ẹ̀rọ Níwà.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ìbíyẹmí padà tọ Sẹ́fà lọ.

"Bàbá Sẹ́fà, ẹ dákun. Ẹ padà máa sọ ọ́ tààrà. Kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́, kò kàn mí mọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Sẹ́fà wí. "Ìbéèrè kan wáyé. Ó wáyé lọ́wọ́ Olùpín, ẹni ọ̀wọ̀..."

Ìbíyẹmí jókòó, ó sì dúró dè é.

"Ohun tó fà á," ni Sẹ́fà wí níkẹyìn, "ó ti mọ́ ẹnu mi lára."

Láti ọjọ́ náà ni Sẹ́fà kì í ti í sọ̀rọ̀ tààrà mọ́, níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí. Láti ọjọ́ náà ni ará ìlú ti ń gba nọ́ńbà nígbà tí wọ́n bá béèrè ìdí. Àwọn tó ń fi Jáfà kọ ojú-ewé ńkọ́? Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, tí ìka wọn ń fa ọ̀rọ̀ lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, ẹ má dà wọ́n láàmú. Wọ́n ń dúró kí Sẹ́fà kí gbogbo ilé tán ni.