Ajá Arúgbó Nílé Oníṣẹ́ Awọ

Ní ìlú Àgbọnlé láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń wá ilé Ọ̀nàwùmí kò nílò kí ó béèrè ọ̀nà. Imú ni yóò mú un débẹ̀. Iṣẹ́ awọ ni wọ́n ń ṣe ní agbolé náà, òórùn awọ tútù tí wọ́n rẹ sínú omi eérú sì ń pàdé àlejò ní ìdajì ọ̀nà. Opó ni Ọ̀nàwùmí. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ti wà nílé ọkọ, ó sì ti padà sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ọ̀nàfowókàn tó jẹ́ baálé, ti jọ ń ṣe iṣẹ́ tí bàbá wọn fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń rán apó, wọ́n ń rán tìmùtìmù, wọ́n sì ń ṣe gàárì ẹṣin. Òfin tó le jù nínú agbolé náà ni pé ajá kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Kò sì yẹ kí ìyẹn ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ta ni kò mọ̀ pé ẹran ni awọ lójú ajá?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀nàwùmí ń bọ̀ láti odò, ó sì rí ajá kan tí wọ́n so mọ́ ìdí igi níwájú ilé Ọdẹ́gbàmí ọdẹ. Ajá náà ti darúgbó. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ òsì ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lẹ́yìn kò sì kanlẹ̀ dáadáa mọ́. Ó gbójú sókè wo obìnrin náà, ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé orí rẹ̀ padà sílẹ̀, bí ẹni tó kíni tí kò retí ìdáhùn.

"Ọdẹ́gbàmí, kí ni ajá yìí ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi bá mi ṣọdẹ. Ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́, ajá tí kò lè sáré, kí ni ọdẹ fẹ́ fi ṣe? Ọ̀túnla la ó bọ Ògún. Òun la ó fi bọ ọ́."

Ọ̀nàwùmí sọ ìkòkò omi rẹ̀ kalẹ̀. Bóyá nítorí eékún tó ń dun òun náà láràárọ̀ ni, bóyá nítorí ìrù tí ajá náà jù ni, òun gan-an kò lè sọ. Ó kàn rí i pé àánú ti ṣe òun dé egungun.

"Ògún ń jẹ àgbò pẹ̀lú," ó wí. "Wá fa àgbò mi, kí o sì fa ajá yìí lé mi lọ́wọ́."

Ọdẹ́gbàmí bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ fẹ́ fi odidi àgbò gba ajá tó ń kú lọ? Kò lè sáré mọ́, mo ní!"

"Èmi náà kò lè sáré mọ́. Wọn ò sì tíì fi mí bọ nǹkan kan."

Nígbà tí Ọ̀nàfowókàn rí ohun tí àbúrò rẹ̀ fà wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àpótí.

"Ọ̀nàwùmí, ṣé kò sí o? Ajá, nílé awọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀bá ẹní mi ni yóò máa sùn."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o. Ọjọ́ tí eyín rẹ̀ bá kan awọ kan ṣoṣo nínú ilé yìí, èmi fúnra mi ni n óò fà á padà fún Ọdẹ́gbàmí. Ògún ni yóò gbé e mì."

"Mo gbà," ni Ọ̀nàwùmí wí.

Ó sọ ajá náà ní Ẹjẹ́kósinmi. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ yẹn. Gbogbo ìgbà tí baálé bá fẹ́ lé e, tí ó pariwo pé, "Ẹjẹ́kósinmi, jáde níbẹ̀!" àwọn ará ilé a dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kó sinmi náà kẹ̀, Baálé!" ẹ̀rín a sì sọ. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀nàwùmí a fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, a rún ẹ̀kọ sínú omi eegun fún un, a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ohùn obìnrin náà kẹ́yìn nínú yàrá yẹn. Nígbà tí ó máa fi tó oṣù mẹ́ta, ó ti fẹ́ràn ajá náà ju bó ṣe rò lọ, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ kò sì jẹ́ kí ó sùn fọnfọn.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ọba fi awọ ẹkùn ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ìjókòó òun. Wọ́n fá inú rẹ̀ mọ́, wọ́n fi èèkàn kàn án mọ́lẹ̀ ní pápá láàárín awọ ewúrẹ́, wọ́n sì sá a sóòrùn. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀wẹ̀ bọ́ sí, gbogbo agbolé lọ bá àna wọn bo ilé, Ẹjẹ́kósinmi nìkan ló ṣẹ́kù sílé. Òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́rin, ta ni yóò ronú òjò? Àfi bí ìjì ṣe dé lójijì. Ó ṣí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bo òrùlé, òjò sì tẹ̀ lé e. Ẹkún awọ ẹkùn ni wọ́n fi sáré délé, Ọdẹ́gbàmí tí òun náà wá sí ọ̀wẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn.

Pápá ti dàrú. Awọ ewúrẹ́ kan wà lórí igi, òmíràn wà nínú ẹrẹ̀. Níbi tí wọ́n kan awọ ẹkùn mọ́, ihò èèkàn nìkan ló kù. Wọ́n tọ ipa ohun tí wọ́n wọ́ lórí ilẹ̀ títí dé abẹ́ abà. Ẹjẹ́kósinmi ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó tutù rinrin, ó ń gbọ̀n, etí awọ ẹkùn sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nàfowókàn fa kùmọ̀ yọ. "Mo ti wí! Ó ti jẹ awọ ọba!"

Ọ̀nàwùmí náà gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ó ti parí. Síbẹ̀ ó bọ́ sí àárín kùmọ̀ àti ajá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ awọ náà wò."

Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́. Ajá arúgbó náà la ẹnu, ó tú awọ sílẹ̀ fún un wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nàwùmí fi ìka tọ etí awọ náà láti orí dé ìrù, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ihò èèkàn nìkan ló rí. Kò sí ojú eyín kankan. Itọ́ ló wà létí rẹ̀, omi kò sì tíì ráyè wọ àárín rẹ̀. Nígbà náà ni omijé bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó dùn ún pé òun pàápàá ti ṣiyèméjì.

"Ìyá, kò lè ya á," Ọdẹ́gbàmí wí, ojú sì ń tì í. "Ẹran tí awọ rẹ̀ bá ya, a kì í rí i tà. Ọmọ ajá ló máa ń ya awọ. Ó pẹ́ kí èyí tó mọ bí a ti ń fẹ̀sọ̀ gbé ẹran, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n tán." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wá àgbò mìíràn fún yín. Ẹ dá a padà fún mi, yóò kọ́ àwọn ọmọ ajá mi."

Ọ̀nàfowókàn ló dáhùn. Ó ti ju kùmọ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi ìbora tirẹ̀ nu ara ajá náà.

"Ọdẹ́gbàmí, máa lọ sílé. Díẹ̀ ló kù kí n pa ẹni tó gbà wá."

Nígbà tí ìránṣẹ́ ọba wá gba awọ náà, ó yọjú wo inú yàrá tí wọ́n ń kó awọ sí, ó sì rí ajá tó sùn fọnfọn sáàárín wọn. Ó kígbe, "Baálé! Ajá wà lórí awọ yín!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo tẹ́ ẹní fún un síbẹ̀," ni Ọ̀nàfowókàn wí. "Ọmọ ajá là ń lé. Èyí ti dàgbà."

Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin, ó sì ti ààfin tàn káàkiri. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ bá délẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò fẹ̀sọ̀ mú un, àwọn àgbà a wo ẹni tó ti pẹ́ láyé láàárín wọn, wọn a sì pa á lówe pé: Àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́.