Ààtàn Ẹ̀yìnkùlé Efúnyẹmí

Àwọn àgbà máa ń wí pé, "Ààtàn kì í kọ ilẹ̀." A ń pa á lówe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú wa? Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́.

Obìnrin kan wà nílùú Orí-Àpáta tó ń jẹ́ Efúnyẹmí. Òun ni ìyàwó tó kéré jù nílé ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ìlú náà kò jinlẹ̀. Ẹni tó bá ki ọkọ́ bọ̀ ọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan òkúta. Síbẹ̀, Efúnyẹmí ṣán ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí i. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń bomi rin ín, àmọ́ ewé ń pọ́n, igi ẹ̀fọ́ sì rí tín-ín-rín bí ọwọ̀.

Ìyáálé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọ̀jẹ́wùmí, kò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún àwọn obìnrin agboolé pé, "Ẹ̀yìnkùlé Efúnyẹmí ni kí ẹ máa da ilẹ̀ sí. Ẹni tí kò rí ẹ̀fọ́ já, kó máa ṣọ́ pàǹtí."

Bẹ́ẹ̀ ni eérú, èèpo iṣu, háríhá àgbàdo, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìyẹ ṣe di òkìtì lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó dun Efúnyẹmí débi pé ó di ẹrù, ó fẹ́ padà sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tó ronú, ó tú u. Ó ń kó ewé gbígbẹ bo òkìtì náà nítorí òórùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Efúnyẹmí jáde, ó sì dúró sójú kan. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ti hù lórí ààtàn. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó dúdú minimini. Ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì. Inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara alààyè. Èèpo tó fojú ara rẹ̀ rí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ dúdú ló bá, ó kúnná bí èlùbọ́, ekòló sì ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Kò mọ ìgbà tó ṣí gèlè kúrò lórí, bí ẹni tó wà níwájú ọba.

Ó bu ilẹ̀ dúdú náà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó tún dán ìgbẹ́ adìyẹ tútù wò, àmọ́ ìyẹn jó gbòǹgbò èyí tó kàn. Ó wá mọ̀ pé ó di dandan kí ohun gbogbo kọ́kọ́ jẹrà. Kí oṣù tó lé, ẹ̀fọ́ ti ga dé ìbàdí rẹ̀.

Lọ́dún náà, ọ̀dá dá. Ẹ̀fọ́ gbogbo agboolé rọ, ti Efúnyẹmí nìkan ló dúró, nítorí ilẹ̀ dúdú a máa mú omi dání. Àsìkò yẹn ni Ọ̀jẹ́wùmí, ọmọ ìyáálé, bímọ, tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dìde jókòó. Ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé.

"Efúnyẹmí, ẹ̀fọ́ ni mo wá tọrọ. Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ọmọ mi."

Kó tó sọ ọ́ tán, Efúnyẹmí ti ń já a. Ojoojúmọ́ ló ń já a fún wọn, títí Ọ̀jẹ́wùmí fi gbé ọmọ rẹ̀ jáde síta.

Ìyáálé padà wá, ó dúró ti ààtàn. "Gbogbo ohun tí a dà sí ọ lẹ́yìn ilé yìí, kí ló dé tí o kò kọ̀ ọ́?"

"Ìyá wa, ó dùn mí. Mo tilẹ̀ di ẹrù. Ṣùgbọ́n ààtàn kì í kọ ilẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan inú rẹ̀ kí ẹ rí ohun tó ń fi í ṣe."

Ìyáálé bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni òwe yìí ti wà. Ẹni tí a bá fi ṣe olórí ẹbí, tí ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ burúkú oníkálukú ń wọlé tọ̀ ọ́, òun ni àwọn àgbà ń pa á fún: kó gbà á, kó fi sùúrù bò ó, títí yóò fi di ohun tí ará ilé lè jẹ.