Ọ̀rọ̀ Tí Ẹni Tó Ṣubú Kọ Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń kú lójoojúmọ́, tí ara rẹ̀ sì le koko. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Bó bá ti kó ayùn àti òòlù rẹ̀ pamọ́ nírọ̀lẹ́, ilé géèmù tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbà lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń kú.

Má fi mí rẹ́rìn-ín, arákùnrin mi. Olúwa wa fi àwọ̀n ẹja kọ́ni, ó fi ìwúkàrà kọ́ni. Bí mo bá fi géèmù kọ́ ọ lónìí, fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Nínú géèmù tí mo ń sọ yìí, akọni kan ni èèyàn fi ń rin ìjọba tó ti dahoro já. Idà kan ló ní, asà kan, àti ìgò oògùn díẹ̀. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀ tí kò lè pa á. Àwọn ọmọ ogun ibẹ̀, egungun lásán ni wọ́n. Àpótí ìṣúra ibẹ̀ ní eyín. Àwọn tó ṣe é kò fi ọ̀nà ìrọ̀rùn kankan sí i. Bó o bá kú, o ó padà sẹ́yìn, o ó tún bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ì bá rò pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀, àmọ́ gbogbo ayé ló ń wá a kiri. Àwọn tó ń ṣe géèmù mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé e, débi pé nínú ilé géèmù yẹn, agbára káká lo fi lè rí èyí tí kò mú nǹkan kan lára rẹ̀. Ẹni tó ni ilé náà máa ń sọ pé, "Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ìyá wọn ló burú jù."

Káfíńtà yìí ń kú ju gbogbo àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ lọ. Ó kú lábẹ́ afárá, ó kú lórí àtẹ̀gùn. Ajá lásán pa á lọ́jọ́ kan, agẹrun kan tó jókòó tì í sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Agẹrun yìí ló sọ ọ́ ní Àkúdàáyà.

"Àkúdàáyà, o tún ti kú!"

"Mo tún ti jí, ẹ̀gbọ́n."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ẹni tó ni ilé géèmù wá ṣòfin pé bó bá fi lè pa dírágónì tó ń ṣọ́ ẹnubodè ààfin, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà nínú géèmù náà tó yẹ kó o mọ̀. Ẹni tó ń ṣe é lè kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tó ń ṣe é níbòmíràn, kódà lókè òkun, rí i nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń yí i sí èdè oníkálukú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọ́ síbi tí wọ́n bá ti ṣẹ́gun: "Èmi rèé! Mo ti kọjá!" Bẹ́ẹ̀ ni agẹrun ń ṣe. Àwọn ọlọ́kàn búburú á kọ ọ́ sétí kòtò pé, "Fò, ìṣúra wà nísàlẹ̀." Ibi tí káfíńtà ti ṣubú ló ń kọ tirẹ̀ sí: "Mo ṣubú níbí. Gba ọwọ́ ọ̀tún." "Àpótí yìí ní eyín. Ó ti jẹ mí."

Agẹrun ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Ìtìjú tó yẹ kó o bò mọ́lẹ̀, o wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún òyìnbó kà!"

Káfíńtà ní, "Kòtò yẹn ò tíì dí, ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn."

Nígbà tó yá, káfíńtà rí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fi ṣaya. Ọmọbìnrin náà gbà. Bàbá rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, kó tó di pé ó gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ìwọ náà ronú sí i: ọkùnrin tó jẹ́ àlejò nílùú, tí kò ní mọ̀lẹ́bí kankan níbẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní Àkúdàáyà! Ṣé irú wọn kọ́ ni wọ́n ní ó máa ń kú sílùú tiwọn, tí wọ́n á tún lọ fẹ́yàwó sílùú onílùú? Bàbá náà ránṣẹ́ pè é.

Ó ní, "Èmi ò sọ pé mo gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́. Onígbàgbọ́ ni mí. Àmọ́ ìyá ọmọ mi ò sùn láti ọjọ́ Ajé. Ó ní bí àwọn ará ilé rẹ bá dé fún ìdána, tó o bá pòórá lójú agbo ńkọ́?"

"Géèmù ni, sà. Mi ò ní pòórá."

"Ìyẹn ni kó o fi hàn án. Kí orúkọ yẹn kọ́kọ́ kúrò lára rẹ. Bí kò bá kúrò, má dààmú àwọn ará ilé rẹ."

Báyìí ni géèmù di ọ̀rọ̀ ìyàwó. Lọ́sàn-án Sátidé, bàbá ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé agbòòrùn rẹ̀ sáàárín orúnkún. Káfíńtà dojú kọ dírágónì. Ó fi asà gbá iná, ó sá sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ó ń gún un lẹ́sẹ̀. Dírágónì náà fi ìrù nà án. Oògùn tán nínú ìgò. Ìlà pupa tó ń fi ẹ̀mí akọni hàn lójú tẹlifíṣọ̀n wá ku bíńtín.

Agẹrun dìde. "Ó parí! Ẹ má wulẹ̀ wá posí kiri, káfíńtà ṣáà ni, yóò kan tirẹ̀ fúnra rẹ̀!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yẹn kò rẹ́rìn-ín.

Lójijì ni ìlà pupa náà kún. Káfíńtà kò mu nǹkan kan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ̀mí rẹ̀ sì kún dẹ́nu.

"Òjóró!" Agẹrun ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ni ilé géèmù ní, "Kì í ṣe òjóró. Ẹnì kan níbì kan ló ka ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀, tí kò fi ṣubú, ló bá tẹ bọ́tìnnì pé òun dúpẹ́. Bí wọ́n bá ti dúpẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ, ẹ̀mí rẹ á kún, níbi yòówù kó o wà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Kí ló dé tí tèmi ò kún rí?"

"Kí ni wọn ó dúpẹ́ fún? Pé o ti kọjá?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́tẹ̀ yìí, agẹrun náà bá wọn rín in. Kó tó rọlẹ̀, dírágónì ti dojú bolẹ̀. Wọ́n ń hó, wọ́n ń gbé káfíńtà sókè. Bàbá ọmọbìnrin náà dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀.

"Ta lẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà."

Bàbá náà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tẹ́ lọ́rùn. Ó gbé agbòòrùn rẹ̀ sábẹ́ apá. "Abíọ́nà," ó pè é lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́, "ní kí àwọn ará ilé rẹ máa bọ̀. Èmi ń lọ sọ fún ìyá ọmọ mi kó lọ sùn."

Ó yá, arákùnrin mi, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí. Bí wọ́n bá pè ọ́ síta láti jẹ́rìí, mọ́tò tuntun lò ń sọ, ilé tó o kọ́ lò ń sọ. Ó dára, a bá ọ yọ̀, a pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ọkọ ìyàwó tuntun kan wà nínú ìjọ wa tí ìbínú fẹ́ tú ilé rẹ̀ ká, kò sì rí nǹkan kan dì mú nínú ẹ̀rí mọ́tò rẹ. Ìwọ sì mọ ọ̀nà yẹn. O mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ níbẹ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ ti kan ilẹ̀ náà. Ọlọ́run gbé ọ dìde, o nu aṣọ rẹ, o wá ń rìn bí ẹni tí kò gba ibẹ̀ rí.

Mi ò ní kó o lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èèyàn kan ṣoṣo ti tó. Má sì ṣe é nítorí ohun tó o máa rí gbà níbẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí agbára tìrẹ bá tán, tó o ṣàdédé rí i pé ara rẹ tún mókun, ta ló mọ orúnkún ẹni tó wà nílẹ̀ tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ?

Ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi. Ọkọ ìyàwó yẹn máa wá, ẹ̀yìn pátápátá ló sì máa jókòó sí. Má lọ síwájú lọ́la. Jókòó tì í.