Òbúkọ Ọdún Mọ́kànlá

Ọdún méjì gbáko ni Bàbá Oyèdòkun fi kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi kí wọ́n tó rì í bọmi lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ funfun, ó ń dúró de Oúnjẹ Olúwa àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Àfi bí Díákónì Fágbèmí ṣe gbé àwo búrẹ́dì dé.

Fágbèmí yìí ló ta òbúkọ fún un lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, òbúkọ tó kú kó tó délé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti tọrọ àforíjì. Bàbá ṣì ń ṣe ìwádìí lórí àforíjì náà.

Bàbá rò ó pé, ẹni tó ta irú òbúkọ yẹn, kí ni kò lè fi sínú búrẹ́dì? Ó dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà, kí Fágbèmí lè kọjá. Díákónì mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gbọ́ ìró bàtà. Bóyá ọkùnrin náà ṣì dúró síbẹ̀ ni. Ó tún ojú dì dáadáa.

Nígbà tó lajú, wọ́n ti ń ka oore-ọ̀fẹ́.

"Àwo mélòó ló kọjá?"

"Méjì," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n ní ẹ ti wà nínú Ẹ̀mí. Bàbá Oyèdòkun, ẹni tó dijú kí ẹni burúkú lè kọjá, kò ní mọ ìgbà tí ẹni rere máa kọjá."

Lóṣù kejì, Fágbèmí náà ló tún gbé àwo. Bàbá la ojú méjèèjì, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣé, Díákónì," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ti sin òbúkọ yẹn."

"Láti ọdún mọ́kànlá, sà?"

"Láàárọ̀ yìí ni."