Ọ̀kẹ́rẹ́ Bèèrè Igi

Ààlọ́ o! — Ààlọ̀! Òṣùpá ti yọ, ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ mi fò kọjá òkè, ó balẹ̀ sórí Ọ̀kẹ́rẹ́, baba ọlọ́mọ mẹ́ta tí ebi ń pa.

Erin ló pè é pé kó wá máa bá òun ṣọ́ oko ọkà. Agbọ̀n ẹyìn kan ni èrè rẹ̀ láràárọ̀. Itọ́ ń dà lẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́, àmọ́ ó gbé e mì.

"Bàbá, ṣé màá máa rí àwọn ọmọ mi lálẹ́?"

"Kó wọn wá. Ilé mi fẹ̀."

"Bí ara mi ò bá yá ńkọ́?"

"Ìwọ ṣáà sùn. Wàá jẹ ẹyìn rẹ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo oko yíká. Erin ti wó gbogbo igi ibẹ̀ pátá. "Bí ajá ọdẹ bá dé, igi wo ni màá gùn?"

"Igi kẹ̀? Ṣé igi lo fẹ́ jẹ ni? Ó yá, gba agbọ̀n méjì. Gba mẹ́ta!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ forin dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é, kó dún dáadáa:

Agbọ̀n kún fún ẹyìn o — Igi dà?
Ilé fẹ̀ bíi pápá o — Igi dà?
Ajá ọdẹ ń bọ̀ o — Igi dà?

Ó kí Erin pé ó ṣeun, ó gbé ebi rẹ̀ padà sílé. Àkọ́bí rẹ̀ bú sẹ́kún: "Bàbá, ẹyìn ńkọ́?"

"Ọmọ mi, ẹni tó ń bọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ yó, tí kò fún un nígi, ajá ló ń bọ́ yẹn."